Òfin Tí Ìbíyẹmí Kọ́ Irin

Ẹ̀kọ àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó ti ń dì, nígbà tí Aṣọ́mọ ṣẹ́ Màmá Àgbà lápá. Apá ọ̀tún náà dún pọ́, ó sì tún dún lẹ́ẹ̀kejì, nítorí Aṣọ́mọ kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Ojú méjì ló ti ṣẹ́ ẹ. Ó gba ọmọ kúrò lórí itan ìyá arúgbó náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Yéè! Ó pa mí o! Akínlàjà, irin ìyàwó ẹ ti pa mí o!"

Akínlàjà tó ń pè ò sí nílé. Ó wà ní kòtò yìnyín níbi tí wọ́n ti ń wa omi, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ìlú. Ìlú náà ni Ìgúnlẹ̀, lórí Ayé Pupa, níbi tí ọkọ̀ ojú sánmà àkọ́kọ́ tó kó àwọn ọmọ Yorùbá gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí à ń wí yìí, ìran kẹta ti ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, ìyẹn òrùlé dígí gbàǹgbà tó sé afẹ́fẹ́ mọ́ ìlú. Ènìyàn ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ó ń gbé ìyàwó, ó ń bá ará ilé jà. Ọ̀nà jíjìn ò tíì yí ìwà ọmọ Yorùbá padà, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ onílàákàyè ni Aṣọ́mọ. Ó ga tó géńdé ọkùnrin, ó ní ọwọ́ mẹ́rin, wọ́n sì fi rọ́bà rírọ̀ bo irin rẹ̀ kó má baà bó ọmọ lára. Òun ló ń wẹ Jẹ́nrọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rin, òun ló ń dirun fún un, òun ló ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí jẹ́léósinmi. Ìbíyẹmí, ìyá ọmọ náà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbóná tó o ní Ìgúnlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n jí ọmọ méjì gbé ní ìbòrí kejì, ó ṣe Aṣọ́mọ lọ́nà tó jẹ́ pé bó bá ti ń jà, kò ní gbọ́ "dúró" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan òun fúnra rẹ̀, torí ẹni tó bá na ìbọn sí ìyá lè fipá mú un pàṣẹ. Gbogbo ìlú kan sáárá sí i fún ọgbọ́n yìí.

Màmá Àgbà, ìyá Akínlàjà, kò kan sáárá sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló tíì lò láti ìgbà tó ti Ìkìrun dé. Ó di ewé dóńgóyárò gbígbẹ sínú ẹrù, ó sì gbé ọmọ odó rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn olùṣọ́ èbúté ọkọ̀ ní kó fi ọmọ odó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kúkú fi òun náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kì í wúwo lórí Ayé Pupa bíi ti ilé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gúnyán níbẹ̀, ó sọ ọmọ odó sílẹ̀, ó pòṣé.

"Irú ayé wo ni ọmọ odó ti fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀? Iyán wo ló máa kúnná níbí?"

Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà ni ara Jẹ́nrọ́lá ti ń gbóná. Ó kọ ẹ̀kọ, ó ju ṣíbí sí abẹ́ àga, ó ní òun ò jẹ, òun ò mu, òun ò lọ síbì kankan. Ìbíyẹmí pe dókítà. Dókítà ní ó di wákàtí kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró de dókítà," Ìbíyẹmí wí nígbà tó rí i tí Màmá Àgbà ń bu àgbo sínú ife.

"Ìbà kì í dúró de dókítà, ìyàwó mi."

Ìbíyẹmí wọ yàrá lọ rẹ aṣọ sínú omi tútù.

Ìgbà náà ni Màmá Àgbà tẹ́ ọmọ sórí itan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ago sí i lẹ́nu, ó da àgbo sí i, ó fi ìka méjì fún un nímú kó lè gbé e mì. Báyìí ni wọ́n ṣe rọ òun náà, báyìí ló ṣe rọ Akínlàjà títí tó fi di ọkùnrin gìrìpá. Jẹ́nrọ́lá ń ta ẹsẹ̀, ó ń kígbe nínú omi àgbo. Aṣọ́mọ tó ń ká aṣọ nílẹ̀ gbórí sókè.

Nígbà tí Ìbíyẹmí fi máa sáré jáde, apá ti ṣẹ́. Aṣọ́mọ la ẹnu. Bó bá ti ń jà, ó máa ń ka òfin tó ń tẹ̀ lé jáde, ní ohùn ẹni tó kọ́ ọ, kí ọ̀tá lè mọ ohun tó ṣe.

"Ẹnikẹ́ni tó bá fi nǹkan bo ẹnu àti imú Jẹ́nrọ́lá, ọ̀tá ni. Má bi í léèrè. Má dá a sí. Bí wọ́n ṣe rọ Ayọ̀kúnlé mi pa nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ló pa á."

Màmá Àgbà gbàgbé apá rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ohùn ta nìyẹn?"

Ìbíyẹmí fún aṣọ tútù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ní ohùn ta nìyẹn?"

"Ohùn mi ni, Màmá."

Ayọ̀kúnlé ni àkọ́bí wọn. Ọmọ oṣù márùn-ún ni nígbà tó kú ní Ìkìrun, kí wọ́n tó kó wá sí Ayé Pupa, ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ ní àgbo. Dókítà ibẹ̀ ní omi ló gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò tọ́. Ìbíyẹmí nìkan ni wọ́n sọ fún, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé ọkọ. Kí ni ìyàwó ilé máa wí? Ta ló máa wo ojú ìyá ọkọ, kó ní ìwọ lo pa ọmọ mi? Ìyá tó bí i pàápàá ní kó gbé e mì. Ó gbé e mì. Ọdún méje ló fi ń kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, ó ń kí i lójúkojú, ó ń kí i lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ohun tí kò lè sọ fún ènìyàn, ó lọ sọ ọ́ fún irin, irin ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyá ọkọ. Inú bí èmi tó ń sọ ìtàn yìí sí i, mi ò ní purọ́, àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí.

"Ọdún méje!" Màmá Àgbà wí. "O ń kúnlẹ̀ kí mi, èyí ló wà níkùn ẹ?"

"Màmá, ẹ má bínú..."

"Ò bá bú mi! Ò bá gbá mi létí! Ǹ bá mọ̀! Ṣé o rò pé mo lè mọ̀ kí n tún fi ọwọ́ yìí kan ẹnu ọmọ ẹ?"

Lójú ẹsẹ̀ náà ni gìrì mú Jẹ́nrọ́lá. Ara rẹ̀ le gbagidi lọ́wọ́ Aṣọ́mọ, ojú rẹ̀ yí sókè, èébì ru wá sí i lẹ́nu, kò sì rí i tu dànù. Kò lè mí mọ́. Aṣọ́mọ dojú rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òfin ní ẹnikẹ́ni. Òun náà wà lára ẹnikẹ́ni.

"Gbé e fún mi! Aṣọ́mọ, èmi ni!"

Aṣọ́mọ jẹ́ kó sún mọ́ ọn, ìyá ọmọ ṣáà ni. Ìbíyẹmí na ọwọ́ sí ẹnu ọmọ láti gbọ́n èébì náà jáde. Kò rí ìgbà tí ọwọ́ kẹta bà á. Ó rí ara rẹ̀ lára ògiri òdìkejì, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti jábọ́ sórí ẹní, egungun ìhà rẹ̀ sì ń gún un bó ti ń mí. Ọjọ́ tó ń kọ́ irin ní òfin yẹn, omijé wà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i. Kò rántí yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Dúró! Mo ní kó o dúró!" Aṣọ́mọ ò gbọ́, bó ti ṣe é gan-an kó má gbọ́.

Ètè Jẹ́nrọ́lá ti ń dúdú.

Màmá Àgbà dìde. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, apá ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọmọ odó tó gbára lé ògiri ilé ìdáná. Ká ní Ìkìrun ni, kò ní lè gbé e ní ọwọ́ kan. Ó gbé e sókè níbí, ó sì là á mọ́ Aṣọ́mọ lórí. Rọ́bà ya. Ó tún là á mọ́ ọn, ojú kan fọ́ yángá.

"Sọ ọmọ mi sílẹ̀, irin ọ̀dájú!"

Aṣọ́mọ lè fi ọwọ́ kan gbá ènìyàn dànù, ṣùgbọ́n kì í gbé ọmọ lọ́wọ́ ja ìjà gidi. Ó tẹ́ Jẹ́nrọ́lá sórí ẹní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yíjú sí ìyá arúgbó náà.

"Abíyá òsì, Màmá!" Ìbíyẹmí ké. "Abẹ́ abíyá òsì ni ọpọlọ rẹ̀ wà!"

"Fi tèmi sílẹ̀! Ọmọ ni kó o wò! Fi ẹnu fà á! Fi ẹnu fà á, Ìbíyẹmí!"

Ọjọ́ kìíní nìyí tí Màmá Àgbà máa pe orúkọ rẹ̀.

Ìbíyẹmí rákò dé ibi ọmọ. Ó fi ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀, bí àwọn ìyá ṣe ń fa ikun fún ọmọ ọwọ́, ó fà, ó tu dànù, ó tún fà. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu tirẹ̀ dà pọ̀ mọ́ èébì àti àgbo kíkorò. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ gbì, gbì, ìró ọmọ odó. Ó gbọ́ egungun. Ó sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí kò yé wí pé, "Má dá a sí. Má dá a sí. Má dá a sí." Kò wẹ̀yìn. Bó bá wẹ̀yìn, ọmọ kú.

Jẹ́nrọ́lá húkọ́. Ó mí, ó sì bú sẹ́kún.

Gbì kan tún dún, ohùn náà sì dákẹ́. Nígbà tí Ìbíyẹmí yíjú padà, ọmọ odó ti wọ abíyá òsì Aṣọ́mọ títí dé ìdajì, àwọn méjèèjì sì ti ṣubú lé ara wọn. Ọwọ́ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dì mọ́ àyà Màmá Àgbà. Ìbíyẹmí fa wọn, wọn ò ṣí.

"Ó ń sunkún?" Màmá Àgbà béèrè. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ẹnu rẹ̀.

"Ó ń sunkún, Màmá."

"Ó dáa."

Ibẹ̀ ló kú sí, lọ́wọ́ irin. Dókítà dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Akínlàjà wọlé lọ́sàn-án tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó béèrè ẹni tó kọ́ irin láti pa ìyá òun. Ìbíyẹmí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti Ìkìrun dé orí ẹní náà, kò fi ìkankan pa mọ́. Akínlàjà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé ọmọ odó. Kò na ìyàwó rẹ̀, kò bú u. Títí di òní, kò tíì bá a sọ ju ohun tó kan oúnjẹ àti bàtà ọmọ lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ìbà tún gbé Jẹ́nrọ́lá dè díẹ̀. Òògùn tí dókítà fi sílẹ̀ korò gan-an. Akínlàjà bù ú sínú ife, ó gbé súìtì sí ọwọ́ kejì, ó múra àtibẹ̀bẹ̀, torí ó mọ ọmọ rẹ̀: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń sá sí bó bá ti fojú kan òògùn. Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ wọn.

Jẹ́nrọ́lá ò sá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó mu ún tán láìmí, ó dojú ife dé láti fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu gbàgà fún ìyá rẹ̀, kó lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Mo ti mu ún tán," ó ní. "Mi ò ní kọ̀ ọ́ mọ́ láéláé. Ẹ sọ fún Màmá Àgbà pé kí wọ́n dìde."