Owó Orí Òkú Padà Wálé

Ẹni tó bá mọ Ògúnbáyọ̀ àgbẹ̀ ní Ìwó mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó lẹ́nu ire, kì í sì í ṣe ahun. Àmọ́ bí owó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni tó di ẹyin iná mú: kò ní sinmi títí yóò fi sọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé láti kóòtù pẹ̀lú agbádá òfì tuntun lọ́rùn, ẹ̀rín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àjíkẹ́, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí lójúde. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Baálé. Ẹ ó lo aṣọ yìí gbó o. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ìjọba ló rà á fún mi."

Àjíkẹ́ la ẹnu, kò lè pa á dé. Láti ìgbà tí owó orí ti dé Ìwó, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó ń lọ. Ta ló gbọ́ rí pé ó ń bọ̀?

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ní èṣí, agbowó orí ka orúkọ Àkànbí, ọkọ Àjíkẹ́, jáde nínú ìwé, ó ní ọdún méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àkànbí ti kú ṣáájú ọdún méjèèjì. Ògúnbáyọ̀ ní òkú kì í san owó orí. Agbowó ní òun ò bá òkú wí, ìwé lòun ń bá wí. Ẹ̀rù àhámọ́ ba Ògúnbáyọ̀, ló bá san ṣílè méjìlá. Matthew, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń ṣe akọ̀wé ládùúgbò wọn, ló wá bá wọn kọ lẹ́tà sí ajẹ́lẹ̀ ìjọba. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì dá ṣílè méjìlá padà, kò fi kọ́bọ̀ kan dín.

"Owó òkú ni, òkú ni n ó sì fi ṣe," Ògúnbáyọ̀ wí. "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ìsìnkú tálákà la sin ín. Ojú ń tì mí títí dòní. Mo ti fi ṣílè márùn-ún ra aṣọ tí n ó wọ̀. Méje tó kù, ó di ti àgbò àti oúnjẹ. Ìwó á mọ̀ pé Àkànbí ní àbúrò."

Àjíkẹ́ kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Baálé, Mọ́láyọ̀ ọmọ mi ńkọ́?"

"Kí ló ṣe Mọ́láyọ̀? Ṣé ebi ń pa á níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n sọ lọ́jà pé Ṣàfíù olóbì ń kó ará ilé rẹ̀ lọ ta obì ní Òkè Ọya. Ọ̀la ni wọ́n ń wọ rélùwéè. Bí wọ́n bá mú ọmọ mi lọ, mi ò mọ ọ̀nà tí n ó gbà wá a."

Ibẹ̀ ni Matthew bá wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí Bàbá kú oríire, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára agbádá náà.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tẹ́ ẹ san ṣílè méjìlá yẹn léṣìí, níbo lẹ ti rí i?"

"Mo yá a ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ Ṣàfíù olóbì, ní Olúpọ̀nnà."

"Kí lẹ fi dúró fún un?"

Ògúnbáyọ̀ ká etí agbádá rẹ̀ sí èjìká. Gbogbo agboolé ló mọ̀ ọ́n. Mọ́láyọ̀, ọmọ Àkànbí, ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà. Oṣù kẹrìnlá rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé olóbì.

"Ẹ̀yin náà mọ bí ìwọ̀fà ṣe ń rí," Matthew wí. "Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe, èlé lásán ni. Bó ṣe é fún ogún ọdún, gbèsè ò ní dín. Ìjọba ò fún yín lówó ọ̀fẹ́, Bàbá. Owó yín tí wọ́n gbà láìtọ́ ni wọ́n dá padà, ó sì ti ní ẹni tó ni ín kó tó kan ọwọ́ yín. Mọ́láyọ̀ ló san owó orí bàbá rẹ̀."

Ògúnbáyọ̀ wo agbádá ọrùn rẹ̀. Kò sí ohun tí Matthew sọ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ nípa gbèsè, ó mọ̀ nípa owó tó gbà, kò kàn fi ìkan wé ìkejì rí ni. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Oyèníkẹ́ aláṣọ, ó ní kó gba agbádá náà, kó dá owó òun padà. Oyèníkẹ́ ní òun ti fi owó náà san gbèsè òwú. Ògúnbáyọ̀ bá kó ṣílè méje, ó ní kí Àjíkẹ́ gbé oúnjẹ kaná de ọmọ rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà Olúpọ̀nnà.

Nígbà tó dé àgbàlá Ṣàfíù, ó bá ọmọbìnrin gbígbẹ kan nídìí apẹ̀rẹ̀ obì.

"Ìwọ ọmọ yìí, bá mi pe Mọ́láyọ̀."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Èmi rèé, Bàbá."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé pọ̀n rí, Ògúnbáyọ̀ ò dá a mọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá, kò yà wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ẹ wá mú mi ni?"

"Mo wá mú ọ."

Mọ́láyọ̀ sáré wọlé lọ di ẹrù.

Ṣàfíù jáde, ó ka owó. "Méje lèyí."

"N ó mú márùn-ún wá lọ́jọ́ ọjà."

"Ògúnbáyọ̀, ọ̀la ni mò ń lọ. Ṣílè méje kì í tú ìwọ̀fà ṣílè méjìlá sílẹ̀. Àdéhùn wa nìyẹn." Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Mọ́láyọ̀ ti gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ó wo ojú Ṣàfíù, ó wo ojú Ògúnbáyọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ rọra sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ògúnbáyọ̀ ò lè wò ó. Ó bọ́ agbádá.

"Ṣílè márùn-ún ni mo rà á láàárọ̀ yìí."

Ṣàfíù fọwọ́ pa á wò. "O ti wọ̀ ọ́, ó ti di àlòkù. Mẹ́ta."

Ògúnbáyọ̀ ṣí fìlà. Ó bọ́ bùbá. Ó bọ́ bàtà. Ṣàfíù wo òkìtì aṣọ náà títí, ó wá pe ẹlẹ́rìí méjì, ó sọ níṣojú wọn pé gbèsè ti tán, kí Mọ́láyọ̀ máa bá Ògúnbáyọ̀ lọ sílé.

Ṣòkòtò nìkan ni Ògúnbáyọ̀ wọ̀ padà sí Ìwó. Bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá, àwọn obìnrin dìde.

"Bàbá, ta ló jà yín lólè?"

"Èmi ni mo fẹ́ ja ara mi lólè," ó ní, ó na ọwọ́ sí Mọ́láyọ̀. "Aṣọ mi ló ń lọ níwájú yẹn."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ògúnbáyọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wa. Owó orí tí wọ́n bá dá padà kì í ṣe oríire, owó òógùn rẹ ni. Kó o tó rò ó pé kí ni wàá fi rà, kọ́kọ́ rántí ibi tó o ti rí i lọ́jọ́ tó o san án. Bó bá jẹ́ pé o yá a ni, gbèsè ni kó o kọ́kọ́ san. Bó bá ṣẹ́ kù, fi í pamọ́ de owó orí ọdún tó ń bọ̀, torí ó ń bọ̀ dandan. Bí ẹnì kan bá kú nílé rẹ, tètè lọ sọ kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Pa ìwé tí wọ́n bá fún ọ mọ́, kó o sì wá ẹni tó mọ̀wé bí wọ́n bá gba owó tí kò tọ́ lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe fi ọmọ dúró fún owó kankan.

Àgbò ìsìnkú Àkànbí ò sí títí dòní. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ògúnbáyọ̀, Àjíkẹ́ opó Àkànbí pàápàá kò béèrè.