Bàtà Tuntun Lóko Ẹlẹ́dẹ̀

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Ẹ̀rínọlá ti kọ́kọ́ rí Tímótì, nínú ẹrẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì ẹgbẹ́ akọrin, tó ń gbẹ̀bí fún abo ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ó ń kọrin ìyìn sí ẹranko náà létí, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín," ló wí láì gbójú sókè. "Ó ku méjì."

"Mi ò rẹ́rìn-ín o. Mo kàn ń rò ó pé bóyá ẹ̀yin náà lẹ máa sọ wọ́n lórúkọ."

Ìkìrun ni Ẹ̀rínọlá ti wá sí Inísà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti oko dé oko, kó ra ẹran lọ́wọ́ ẹni tó sìn ín gan-an, kó sì gbé e fún àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn ò fẹ́ jẹ ẹran tí wọn ò mọ orísun rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé ọ̀dùnkún ni Tímótì fi ń bọ́ tirẹ̀, abẹ́ igi ọ̀pẹ ni wọ́n sì ti ń rìn fàlàlà. Ẹ̀rínọlá ra ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá, kò ra nǹkan kan. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tó wá wò.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlélógójì tó wà lóko ni Tímótì gbójú lé fún ìnáwó náà.

Abọ́ ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà oko náà, omi olóògùn ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ máa ń bá bàtà rìn. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Ẹ̀rínọlá lọ sí oko kan l'Ókukù. Ó bá àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, etí wọn pọ́n, kò sì rà. Nígbà tó ń bọ̀, ó sọ̀ ní Inísà. Bàtà tuntun tó rà nítorí Tímótì ló wọ̀. Ó wo omi olóògùn náà, àánú bàtà ṣe é, ló bá fò ó kọjá, ó bọ́ sọ́wọ́ olólùfẹ́ rẹ̀.

"Ta ló wọ irú bàtà báyìí wá sóko?"

"Ẹni tó fẹ́ kí o wò ó ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ lọ wo àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ò dìde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ku ẹyọ kan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Tímótì fi gbẹ́ kòtò tó sin wọ́n sí. Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n ní ẹnìkan ló gbé àrùn náà wọlé.

"Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ni," Tímótì wí. Bàbá arúgbó yìí ló ń kó èèpo ẹ̀gẹ́ wá fún un láti Ìgbàyè. "Kò sóko tí wọn kì í dé. Mo ti ní mi ò fẹ́ rí wọn níbí mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Kò sólóko tó gbà kí bàbá náà wọlé mọ́, ló bá jókòó sílé. Ẹ̀rínọlá rántí omi olóògùn tó fò kọjá. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí o bá sọ ọ́, ọkọ lọ nìyẹn."

Ẹ̀rínọlá mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ ó lọ bá Tímótì nínú ọgbà tó ti ṣófo.

"Kì í ṣe Bàbá. Èmi ni. Òkukù ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ti ẹsẹ̀ bọ omi. Mi ò fẹ́ kí bàtà mi bàjẹ́."

Tímótì ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn fún Ẹ̀rínọlá.

"Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí lo fi ń wò mí, tí mo ń ba bàbá arúgbó lórúkọ jẹ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹ."

"Máa lọ sílé, Ẹ̀rí."

Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ pé, ó kọjá, ẹnikẹ́ni ò wá. Ẹ̀rínọlá ò lọ sóko kankan mọ́. Ó gbà pé ó ti parí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Tímótì dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn n'Íkìrun. Ó ti rù kanlẹ̀.

"Múra, à ń lọ sí Ìgbàyè."

Wọ́n dé ilé Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé. Tímótì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀, kò sì tíì lanu tí Tímótì fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Ìyàwó mi ló gbé àrùn náà wọlé. Ojú mi ló ṣe fo omi náà, ẹ̀rín ni mo sì rín. Ó rọrùn fún mi láti bínú sí yín ju kí n bi í ní ibi tó ti ń bọ̀ lọ."

Ẹkún gba Ẹ̀rínọlá lẹ́nu. Tímótì ò pè é ní ìyàwó rí.

Bàbá náà ò tíì ní kí wọ́n dìde. Tímótì na ọwọ́ lórí ilẹ̀, ó wá ọwọ́ Ẹ̀rínọlá kàn, ó dì í mú.