Sàdáàkì Aasiyah

Ìyẹ̀fun bo ìpéǹpéjú Aasiyah funfun báláú lọ́jọ́ tí Akóredé kọ́kọ́ rí i níwájú ààrò búrẹ́dì ìyá ọmọbìnrin náà ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbàgbé ohun tó bá wá. Ìyẹ̀fun pípò tó ti kan ló fẹ́ tọrọ, kó lè mú ìwúkàrà inú rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí wọn ní yunifásítì.

"Ẹ ò ra búrẹ́dì, èyí tó ti kan lẹ ń wá," ni Aasiyah fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ló ń bọ́ yín nílé?"

Kò sẹ́nì kankan. Kí ọdún tó yípo, Aasiyah ti gba iṣẹ́ náà.

Wọ́n ti ń múra yìgì nígbà tí dókítà ní jẹjẹrẹ wà lọ́mú Aasiyah. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń ba sẹ́ẹ̀lì tó dára jẹ́. Irun rẹ̀ re, ẹnu rẹ̀ di egbò. Ẹ ò rí ayé bí? Èròjà tó lè dáàbò bo DNA inú sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni Akóredé ń wá nínú ìwúkàrà. Ó ti rí ọ̀kan. Ó ṣiṣẹ́ nínú ìgò, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dán an wò lára ènìyàn.

Ìyá Aasiyah gbọ́, ó ní òun ò gba ẹ̀bùn sàdáàkì mìíràn lọ́wọ́ ọkọ lórí ọmọ òun àfi èròjà náà. Akóredé dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé títí pé ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì rere lè dáàbò bo jẹjẹrẹ náà.

"Inú ìyẹ̀fun tèmi lo ti rí i," ni ìyá wí, "o wá ń fi ṣahun sí ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Akóredé wọra. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ ìgò kékeré kan sí Aasiyah lórí ibùsùn.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni Aasiyah bi í.

"Rárá."

"Gbé e padà, ọkọ mi. Ó wù mí kí n pẹ́ láyé, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá kú sí ẹ lọ́wọ́, o ò ní lè fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí mọ́ láéláé. Ta ló máa wá bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi parí ẹ̀?"

Akóredé sunkún bí ọmọdé, ó sì gbé e padà.

Nígbà tí àfáà dé láti so yìgì, Aasiyah fúnra rẹ̀ ló bi léèrè sàdáàkì tó fẹ́, nítorí ẹnu ìyàwó ló ti ń jáde. Ó ní Kùránì kan ti tó.

Àfáà gbàdúrà pé wọn á jọ gbó, wọn á jọ tọ́. Ìyá Aasiyah ló ṣe àmín ju gbogbo ilé lọ, tẹkún-tẹkún, ṣùgbọ́n kò wo ojú Akóredé, kò sì tíì wò ó dòní.