Ìpè Tí Kò Dáwọ́ Dúró

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Ọpẹ́fólúwa lóminú ni pé ẹ̀rọ orí òpó tó ń wọn gíga omi òkun ti ń yára dáhùn jù. Òpó náà wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú òkun, iyọ̀ sì ti ń jẹ wáyà rẹ̀ tipẹ́. Bí kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá àyẹ̀wò omi l'Áyétòrò bá bi í pé omi ga tó mélòó, ó máa ń falẹ̀ dáadáa kó tó fèsì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, bó ti rí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìbéèrè ò tíì kúrò lójú kọ̀ǹpútà tí èsì fi dé: mítà kan ó dín díẹ̀. Omi rọlẹ̀ nìyẹn.

Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kọ́lájọ, ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì kí Ọpẹ́fólúwa tó gba ipò rẹ̀, Tcl, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ló fi kọ gbogbo àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń pa fáwọn ẹ̀rọ wọn. Ó ń ṣiṣẹ́, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ta ló tún ń ka Tcl láyé ìsinsìnyí? Promise tó máa ń gbà á sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ wò ó títí, ó ní òun ò rí orí, òun ò rí ìdí. Ọpẹ́fólúwa yẹ èdè míì tó ń jẹ́ Lua wò. Ó fúyẹ́, kò ni kọ̀ǹpútà ògbólógbòó wọn lára, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n fi ń bá irú ẹ̀rọ wọn sọ̀rọ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Python ti ní wọn ní sẹpẹ́, Promise náà sì gbọ́ ọ. Ó yan Python, ó sì fi í tún gbogbo àṣẹ náà kọ. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Bó bá jẹ́ èmi náà ni, òun ni mo máa yàn.

Nítorí ìyá rẹ̀ ni kò fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ní àléébù kankan. Ilé Moríkẹ́, ìyá rẹ̀, ló kù gbẹ̀yìn létí òkun. Omi ti gbé àdúgbò méjì tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó kó kúrò, ó kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ọmọ òun bá ní omi ti pé mítà méjì, òun á di ẹrù òun.

Nígbà tí Ọpẹ́fólúwa pe Kọ́lájọ ní Igbókọ̀dá láti sọ fún un pé òun ti tún àṣẹ rẹ̀ kọ, bàbá náà ò jà. Ìbéèrè kan ló bi í, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Bí ẹ̀rọ orí òpó ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Kó máa pè é títí tó fi máa dáhùn ni, sà."

"Tèmi ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ń fi í sílẹ̀. O rí i níbẹ̀, o sì yọ ọ́?"

"Mo rò pé àṣìṣe ni, sà."

Kọ́lájọ mí kanlẹ̀. "Ọmọ Ìlàjẹ ni ẹ́, Ọpẹ́."

Ọpẹ́fólúwa mọ ohun tí bàbá náà ń sọ. Nílé tiwọn, bí ọkọ̀ àwọn apẹja bá wọlé tí ẹnì kan ò sí níbẹ̀, àgbà ilé á dúró sétí omi, á pe orúkọ onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì yíjú padà. Kò sẹ́ni tó ń pè é lẹ́ẹ̀kẹrin. Wọ́n ní bí ìpè bá ti pọ̀ jù, ẹni tí kì í ṣe olórúkọ ni yóò jẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í ṣèèyàn, Ọpẹ́fólúwa sì fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rọ orí òpó dákẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà pè é ní ìgbà ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó dáhùn, kò sì tún falẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà ni Láwàl wọlé, awakọ̀ ojú omi tó máa ń gbé e lọ sídìí òpó. Láwàl tí ìkíni rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, kò kí i. Ó gbé nǹkan kan tó fi ọ̀rá wé lé orí tábìlì. Ọpẹ́fólúwa tú u. Ẹ̀rọ orí òpó ni, nọ́ńbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sí i lára ṣì wà níbẹ̀. Wáyà rẹ̀ ti já, ewéko òkun tó lọ́ mọ́ ọn sì ti gbẹ.

"Ọjọ́ Ajé ni òpó yẹn wó," Láwàl ní. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kó sínú àwọ̀n mi. Mo lọ sí Arógbò ni, ni mi ò fi tètè gbé e wá."

Èsì mìíràn tún dé sójú kọ̀ǹpútà níṣojú àwọn méjèèjì: mítà kan ó dín díẹ̀.

"Ta wá lò ń bá sọ̀rọ̀?" Láwàl béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ńṣe ni Ọpẹ́fólúwa fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ. Ó wá wo ìta. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá pákó tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ dọ́gba.

Láwàl sáré wa ọkọ̀ gbé e dé ilé Moríkẹ́. Omi ti wọ pálọ̀. Ìyá náà jókòó sórí àga, omi mù ún dé kókósẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Kò di ẹrù kankan.

"Màmá, ẹ dìde, ká lọ."

Moríkẹ́ wò ó, ó yà á lẹ́nu. "Ìwọ kọ́ lo ní kí n jókòó ni? Láti àárọ̀ lo ti ń pè mí láti ojú òkun. Mo dákẹ́, o ò yéé pè. Nígbà tó pọ̀ jù, mo jẹ́ ẹ. O ní omi máa tó fà."

Ọpẹ́fólúwa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀hún tutù. Ó ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà tí Láwàl ti di ọkọ̀ mú fún wọn, nígbà tí ohùn kan dún láti ojú òkun, ohùn Ọpẹ́fólúwa gan-an, tí kò yára, tí kò sì pariwo.

"Màmá."

Ó na ọwọ́ láti bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Moríkẹ́ ti yíjú sí òkun.

"Mo ń bọ̀, ọmọ mi," ó ní, ó sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà.