Òrí Tí Kò Ṣeé Lá

Sàrátù ti ìka méjì bọ inú igbá òrí, ó fi sẹ́nu, ó lá a, ó sì gbé e mì. Obìnrin tó fẹ́ rà á bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Aliyyah, àbí ebi ń pa yín ni?"

"Ebi kọ́ o. Ohun tí n kò bá lè lá, n kò ní í tà á fún ẹ pé kó o lọ fi pa ọmọ. Awọ ọmọ tuntun, ẹnu ni. Ohun tó o bá fi pa á ló ń jẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe lójoojúmọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Òrí ni o, àdín ni o, àdín àgbọn ni o, kò sí èyí tí kì í kọ́kọ́ kan ẹnu òun fúnra rẹ̀. Ohun kejì tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ìyá ìbejì kì í sanwó lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìkómọ títí àwọn ọmọ yóò fi rìn, ọ̀fẹ́ ni yóò máa bu òrí fún un. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àṣà náà, òun náà kò sì jẹ́ kó parun. Ẹ sì mọ̀ pé nílùú tiwa yìí, ìbejì kì í ṣe ohun tí à ń wá tì.

Aliyyah, ọmọbìnrin rẹ̀, jókòó lẹ́yìn ìsọ̀, ojú ń tì í. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ní ilé-ìwé, "Aliyyah Olóòórùn Àdín" ni wọ́n ń pè é. Lílá tí ìyá rẹ̀ ń lá òrí lójú ọjà yìí, ìwà ará oko ló kà á sí. Ara tirẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò ní àbàwọ́n kankan, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn? Ẹni tó bá pọ́n ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò.

Oyinadé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹ̀gbọ́n Oyinadé ń kàwé ní Èrúwà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti mú kíríìmù kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń bó ara.

"Gbọ́," Oyinadé wí, "àwọn ọmọ kíláàsì wa ń bẹ̀rù kíríìmù yìí. Tíṣà ti ní ó ń ba ara jẹ́. Ṣùgbọ́n tá a bá pò ó mọ́ òrí, tá a ní òrí àti àdín àgbọn lásán ni, ta ni kò ní í gbà á? Ilé yín ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́."

"Bí Màmi bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Àbí ó wù ẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́ ní olóòórùn títí tá a fi máa ṣe Wáẹ́ẹ̀kì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀tàn kì í sábà gba ẹnu ọ̀tá wọlé. Ẹnu ọ̀rẹ́ ló ń gbà. Aliyyah bu òrí ìyá rẹ̀ sínú àwo onídèérí kan, ó fún kíríìmù náà sí i, ó kán òróró olóòórùn dídùn lé e, ó sì rò ó pọ̀. Ó gbé àwo náà sẹ́yìn àwọn ti ìyá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi níbi tó tutù, nítorí oòrùn Ìbàràpá kì í jẹ́ kí òrí dúró.

Òun àti Oyinadé ń bù ú lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Kò pẹ́, kò jìnnà, awọ ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. "Aliyyah Aláradídán" ni wọ́n ń pè é báyìí, wọ́n sì ń dì mọ́ ọn ní ẹnu géètì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi fọwọ́ kan àpòpọ̀ náà rí. Òrí ìyá rẹ̀ ló ṣì ń fi para láràárọ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ẹ má dá a láre.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sàrátù gun ọ̀kadà lọ sí abà láti ra kóró òrí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Sàrátù, ló kù sílé. Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì. Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó kékeré kan ní àdúgbò, wọlé dé, ó pọn ọmọ kan, ó gbé èkejì lọ́wọ́. Ìbejì tó bí kò tíì pé oṣù méjì.

"Ẹ káàsán o, Ìyá Àgbà. Òrí àwọn ọmọ yín ló tán."

"Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé òrí lẹ fẹ́? Ẹ jókòó, mò ń bọ̀."

Ìyá Àgbà wọ yàrá. Àwo tí Sàrátù máa ń bù fáwọn oníbàárà ti ṣófo, ó wá nawọ́ sí èyí tó wà lẹ́yìn. Aliyyah ń fọ aṣọ ilé-ìwé lẹ́yìnkùlé. Ó wọlé wá mú ọṣẹ, ó sì bá ìyá náà níbi tó ti ń fi ẹ̀kúnwọ́ òrí kún abọ́ Abọ́sẹ̀dé.

"Ó mà ń ta sánsán lónìí o," ni Ìyá Àgbà wí. "Sàrátù ti fi nǹkan dídùn sí i nítorí àwọn ọmọ."

Aliyyah dá àwo náà mọ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: "Ìyá Àgbà, èyí kọ́." Ó la ẹnu. Ó ro ojú tí ìyá rẹ̀ máa fi wò ó, ó ro ilé-ìwé, ó ro orúkọ tuntun tí wọ́n ń pè é. Ó pa ẹnu dé. "Kò pa àwọn ẹgbẹ́ mi," ló ń sọ nínú ara rẹ̀, "kò ní í pa wọ́n." Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Aliyyah mú ọṣẹ rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ.

Ilé Abọ́sẹ̀dé kò jìnnà, ojúlé díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ó lè sáré tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Ó lè lọ ní ọjọ́ kejì. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé tó bá di ọ̀la òun á lọ, ọ̀la kò sì dé.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, Aliyyah jókòó ti ìyá rẹ̀ nígbà tí Abọ́sẹ̀dé já wọ ìsọ̀ Sàrátù, ó gbé ọmọ kan àti abọ́ òrí lọ́wọ́, ìborùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

"Ìyá Aliyyah! Kí ni mo fi ṣe yín? Kí làwọn ọmọ mi fi ṣe yín?"

Ó ṣí aṣọ kúrò lára Kẹ́hìndé. Yéè! Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló káwọ́ lérí. Ọrùn àti àyà ọmọ náà pọ́n, awọ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Kò lágbára ẹkún mọ́, ó kàn ń kérora.

"Nọ́ọ̀sì ní nǹkan líle wà nínú ohun tí mo fi ń pa á. Òrí yín nìkan ni mo fi ń pa á! Ti Táíwò ló sàn díẹ̀."

"Òrí mi kẹ̀?" Sàrátù fò dìde. "Abọ́sẹ̀dé, mo fi Ọlọ́run búra, n kò po nǹkan kan mọ́ òrí rí láyé mi. Gbé abọ́ náà wá. Ṣebí lójú gbogbo yín ni mo ń lá a? Ẹ wá wò mí!"

Ó ti ìka méjì bọ inú abọ́ náà. Ó gbé e dé ètè.

"Màmi, ẹ má lá a!"

Igbe náà ti jáde kí Aliyyah tó mọ̀ pé òun ló ké. "Ẹ má lá a, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo po kíríìmù mọ́ ọn."

Sàrátù rọra gbé ọwọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ lo pò ó. Ta ló wá bù ú fún Abọ́sẹ̀dé?"

"Ìyá Àgbà ni. Wọn ò mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?"

Aliyyah wolẹ̀. "Mo wà níbẹ̀, Mà."

"O rí i?"

"Mo rí i."

Sàrátù kò nà án. Ì bá sàn kó nà án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà, ó sì bú sẹ́kún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ pòṣé, ó ní, "Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Gbogbo lílá yẹn, ẹ̀tàn ni." Kò sí ẹni tó jà fún Sàrátù.

Kẹ́hìndé kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, awọ rẹ̀ san, ṣùgbọ́n àmì funfun ṣì wà ní ọrùn rẹ̀ di òní. Ní ilé-ìwé, awọ ojú àwọn tó ń fi àpòpọ̀ náà para bẹ̀rẹ̀ sí í sú, ó ń yún wọn. Oyinadé sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. "Ilé Aliyyah ni wọ́n ti ń ṣe é," ló wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Wọ́n lé Aliyyah sílé fún ìgbà díẹ̀, Oyinadé kò sì wá kí i rárá.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ wá ń bẹ̀rù òrí tí wọ́n fi tọ́ àwọn fúnra wọn dàgbà. Ìpara inú ike, tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń rà báyìí. Sàrátù palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ń bá àwọn onígàrí bó ẹ̀gẹ́. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ a máa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, a máa wò ó, a sì máa bi ẹni tó bá ń kọjá pé, "Ṣé ọwọ́ mi yìí náà ni?" Aliyyah kì í lè dúró gbọ́ ìbéèrè yẹn tán.

Nígbà tí ara ọmọ náà yá, Sàrátù mú ọmọ rẹ̀ lọ bẹ Abọ́sẹ̀dé. Aliyyah kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kanlẹ̀.

"Mo ti dárí jì ẹ́," Abọ́sẹ̀dé wí. Ó fa àwọn ìbejì rẹ̀ mọ́ra. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sún mọ́ wọn."

Lójú ọ̀nà, Aliyyah kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Màmi, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Ọmọ mi ni ẹ́. Ibo ni mo fẹ́ gbé ẹ jù sí?" Sàrátù kò bojú wẹ̀yìn. "Pípò tó o pò ó, ìwà ọmọdé ni. Mo lè gbàgbé ìyẹn. Ká ní o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, omi ì bá dànù, agbè kò ní í fọ́; ìwọ nìkan ni ǹ bá bá wí. Ṣùgbọ́n o ń wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ fún ọmọ tuntun, o sì dákẹ́."

Ó ń lọ níwájú, kò dúró dè é. Aliyyah ń tẹ̀ lé e, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ti yé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó yé e: ẹni tó bá rí ewu tó ń lọ bá ẹlòmíràn, tó sì dákẹ́ nítorí orúkọ ara rẹ̀, òun gan-an ló rán ewu náà níṣẹ́.