Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Ariwo Fíríìjì

Ẹni tó bá máa rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì lá àlá. Ilé wa ní Sùúrùlérè ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan lọ́dún 1993 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Theophilus ọkọ mi, tó wà ní Jámánì, ló fi tẹlifóònù aláìníwáyà ránṣẹ́ sí wa. Mo fi í yangàn kiri àdúgbò, títí ariwo fi wọ inú rẹ̀. Kíírrr, bí ẹni ń dín àkàrà. Ọkọ mi ní àwọn nǹkan oníná inú ilé ló ń dà á láàmú, kí n máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ já geere. Lọ́jọ́ náà, mò ń retí ìpè rẹ̀, mi ò lè jókòó. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ ní pálọ̀.

Fóònù dún. Mo gbé e sétí. Ariwo. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀, mo wá gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo pa fáànù. Ohùn náà sún mọ́ mi. Kì í ṣe ohùn ọkùnrin. Mo rò pé láìnì fóònù ẹlòmíràn ló kó sí tiwa, ni mo bá yọ wáyà fíríìjì.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ. Iná pupa kékeré tó wà nídìí fóònù náà kú. Ó yẹ kí fóònù náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Kò kú.

"Àwẹ̀ró."

Ohùn náà kún gbogbo pálọ̀. Oríkì Ọmọ́ṣaléwá ọmọ mi ni, ìyá ọkọ mi nìkan ló sì ń fi í pè é. Ohùn Màmá gan-an ni. Màmá sì rèé níwájú mi, tó ń ṣa ẹ̀wà, tó panu mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwo.

Màmá ti kọ́ ọmọ náà pé bó bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn láé. Àmọ́ Màmá ò fẹ́ràn kó pe ọmọ náà, kó tún máa retí rẹ̀. Ó ní bó bá ti jẹ́ ohùn òun, kó dáhùn kíá, kó máa bọ̀.

"Mà," Ọmọ́ṣaléwá dáhùn láti yàrá.

Ó sáré jáde, ó kọjá lára Màmá láìwò ó, ó wá gbé etí lé fóònù ọwọ́ mi.

"Àwẹ̀ró, èmi rèé," Màmá tó ń ṣa ẹ̀wà sọ jẹ́jẹ́. "Wá síbí."

Ọmọ náà ò wẹ̀yìn. "Màmá ní kí n máa bọ̀," ó sọ fún mi.

Mo ju fóònù náà nù, mo gbá ọmọ mi mọ́ra. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè pe Jésù. Nígbà tí iná dé, mo sáré tan gbogbo nǹkan, ariwo náà sì bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ní òun ò pè wá lọ́jọ́ náà.

Mo ti yọ fóònù náà, mo tì í mọ́ inú àpótí. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa fíríìjì wa. Bí iná bá lọ, orin ni mò ń kọ sétí ọmọ mi títí iná á fi dé. Màmá náà ò pe Àwẹ̀ró mọ́. Àná ló gbàgbé, ló pè é kó wá jẹun.

Ọmọ náà dáhùn, "Mà." Ó dìde, ó sì lọ dúró níwájú àpótí.