Bí Ẹni Méjì Bá Dọ́gba

Ìwọ tó o fẹ́ ka ìtàn yìí, rọra o. Má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bó o bá sì jẹ́ ẹni tí kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́kùn, gbé e sílẹ̀ níbí, nítorí àṣírí òkú wà nínú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pàdé. Aránṣọ ni obìnrin náà. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ní àìsàn ọkàn, ó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin náà ló ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa to àwọn aláìsàn tẹ̀ léra. Ó ti lé lógójì ọdún, ẹ̀rù sì tètè máa ń bà á. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, á ti dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ to bàbá mi sí?"

"Mi ò tíì tò wọ́n, mà. Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ení ṣíwájú èjì, àmọ́ èèyàn kì í ṣe nọ́ńbà. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ tó dé, bí àìsàn ṣe le tó. Bí mo bá ní kó tò wọ́n báyìí, á kàn máa wò mí ni. Àfi kí n kọ́ ọ pé, bó o bá mú ẹni méjì, ohun tó o máa fi wọ́n wéra nìyí."

"Ẹ̀rọ tí ò mọ ẹni tó yẹ kó ṣíwájú, òun lẹ ń pè ní ọlọ́gbọ́n? Ó jọ ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ obìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Obìnrin náà sọ ọ́ ní Kọ̀ǹpútà, òun náà ń pè é ní Abẹ́rẹ́ mi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ló da omi tútù sí i. Ó wá bá ọkùnrin náà níbi iṣẹ́.

"Àyè ẹnì kan ló kù lọ́wọ́ dókítà lóṣù yìí. Ìwọ lò ń tò wọ́n. Fi bàbá wa síwájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wá ìyàwó síbòmíì."

Ó ṣí ètò náà. Bàbá ti wà níwájú tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó tẹ̀ lé bàbá, ọmọbìnrin kékeré kan ni, àìsàn àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Líle àìsàn ni wọ́n ní kó fi tò wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un pé bí méjì bá dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó ṣíwájú. Ìlà kan péré. Ó bi dókítà, dókítà ní bó ṣe kọ ọ́ náà ló dáa. Síbẹ̀, àyà rẹ̀ kò balẹ̀.

Ó lọ jókòó ti bàbá.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lò ń tò wá. Bí ẹni méjì bá dọ́gba ńkọ́?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni, bàbá."

"Ta ló bá mi dọ́gba?"

Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Ọmọdé ni?"

Omi lé ròrò sí i lójú.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," bàbá rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń wọn pákó. "Mi ò ṣe abẹ náà mọ́. Àmọ́ ṣèlérí fún mi, àwọn ọmọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Wọ́n á kórìíra ọmọ ọlọ́mọ."

"Wọ́n á ní èmi ni mo pa yín."

"Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀. Ṣé wàá lè rù ú?"

Ó bẹ bàbá títí kó ṣe abẹ náà. Nígbẹ̀yìn, ó ṣèlérí.

Bàbá bá dókítà sọ̀rọ̀, ó ní kó má sọ fáwọn ọmọ òun, wọ́n sì pe ọmọbìnrin náà. Kí àyè mìíràn tó yọ, bàbá ti sùn, kò jí mọ́.

Níwájú gbogbo ẹbí ni ẹ̀gbọ́n ti nàka sí i. "Ọwọ́ tó yẹ kó fa bàbá wa síwájú ló tì í sẹ́yìn."

"Kọ̀ǹpútà," aránṣọ ní, "sọ pé irọ́ ni."

Ó dorí kodò. Bí ìgbéyàwó ṣe forí ṣánpọ́n nìyẹn.

Nígbà tí ìrònú fẹ́ pa á, ó wáṣẹ́ síbòmíì, ó sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láti dágbére. Ó bá a tó ń wọn ọmọbìnrin kan fún aṣọ ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fún un láyà," ìyá ọmọ náà ní. "Ojú abẹ wà níbẹ̀. Ẹnì kan tó ṣíwájú rẹ̀ ló yọ̀ǹda àyè tiẹ̀ fún un. A ò mọ onítọ̀hún, àmọ́ ojoojúmọ́ la fi ń gbàdúrà fún un."

Téèpù dúró lọ́wọ́ aránṣọ. Ó béèrè oṣù tí wọ́n ṣe abẹ náà, ìyá sọ fún un. Ó gbójú sókè wo ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wọn àyà ọmọ náà tán, ó sì fi ìwọ̀nba àyè kún un.

Nígbà tí ìyá àtọmọ lọ, ó fa àga kan síta.

"Jókòó, olólùfẹ́ mi."

Ó jókòó.

"Bàbá mi ni, àbí?"

Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Kí ló sọ fún ẹ?"

"Abẹ́rẹ́ mi," ó ní, "gbogbo nǹkan míì tó o bá bi mí láyé yìí, màá dáhùn. Èyí, mi ò ní sọ."